Ọwọ́ Ta Ni Yóò Tó Pẹpẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ ilé ni ojú ewé yìí máa ń sọ, inú ilé náà ni a sì tún wọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n a kò ní dúró ní pálọ̀ tí àlejò ń jókòó sí. Ẹ̀yìn ni a ń lọ tààrà, níbi tí iná ti ń jó, tí omi ti ń ṣàn, tí òórùn ata ti ń gba imú. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni a fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tò mọ́ ara ògiri rẹ̀, èyí tí àwọn káfíńtà wa ń fi èdè Faransé pè ní placard.

Ọ̀rọ̀ náà lè kéré létí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ilé àkọ́kọ́ yín mọ̀ pé ohun tí ń gbé owó mì bí ilé ìdáná kò pọ̀ nínú ilé. Bí a bá ra àga tí kò dára, a lè tà á, kí a ra òmíràn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti kàn mọ́ ògiri kò ṣe é tà bẹ́ẹ̀. Àwa àti òun ni yóò jọ máa gbé, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sì lè ṣe ohun kan tí àga kò lè ṣe láéláé: ó lè lé ẹnì kan jáde kúrò nínú ilé ìdáná láì sọ̀rọ̀ kankan. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ ní ilé tiwa.

Kí a tó sọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, nígbà ayé àwọn ìyá wa àgbà, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná máa ń wà, lọ́tọ̀ sí yàrá tí a ń sùn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ààrò wà nílẹ̀, ẹni tí ń dáná a sì jókòó sórí àpótí nídìí rẹ̀. Pẹpẹ tí a fi amọ̀ mọ wà lára ògiri, níbi tí ọwọ́ ìyàwó ilé tó. Òun ni a ń to ìkòkò, igbá àti àwo lé. Àjà wà lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń kọjá lára àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ibi tí ọwọ́ tó, ibi tí afẹ́fẹ́ tó, ibi tí eku kò tó: ìṣirò tí àwọn àgbà ṣe nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí ó yá, ilé ìdáná ṣí kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó wọ inú ilé. Gáàsì rọ́pò igi, omi ẹ̀rọ wọlé, èéfín sì lọ. Ojú wa kò ta wá mọ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín tí ó lọ náà ni ó ń bá wa lé kòkòrò. Omi tí ó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìdí igi. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ oúnjẹ sé òkùnkùn àti ooru mọ́ inú. Kọ́bọ́ọ̀dù gba ipò pẹpẹ àti àjà, ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó wà nídìí pẹpẹ àti àjà kò bá a wọlé.

A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bá ara wa wí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a tún ilé ìdáná wa ṣe ní Àjàṣẹ́. Àwòrán inú fóònù ni a mú fún káfíńtà: kọ́bọ́ọ̀dù funfun tí ń dán gbinrin, ipele méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ti òkè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà ilé. Káfíńtà wò ó, ó bi wá pé, “Ta ni yóò máa lò ó?” A ní, “Àwa ni, ọ̀gá.” A rò pé a ti dá a lóhùn. Ó ṣe iṣẹ́ náà bí àwòrán ṣe wí, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ló sì ń kí wa kú oríire.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá wa ti Kétu wá láti bá wa gbé. Ìyá tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn bọ́ agbo ilé ni. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n wò yí ká, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé yín dára.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni a ti bá wọn. Wọ́n ti to òkúta mẹ́ta, wọ́n ti ṣáná sí igi, wọ́n ń ro ọ̀kà lábẹ́ páànù kékeré kan. A ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò lo gáàsì?” Wọ́n ní ọ̀kà orí gáàsì kì í jinná dáadáa. A rẹ́rìn-ín. A sọ láàárín ara wa pé àgbà ni wọ́n, ohun àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. A tún sọ fún àlejò bẹ́ẹ̀, àlejò náà sì rẹ́rìn-ín.

Òjò oṣù kẹfà ni ó tú àṣírí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò pa iná ẹ̀yìnkùlé, ìyá wa sì wọlé láti wá ìkòkò kékeré tí wọn yóò fi po ẹ̀kọ fún ọmọ. Ìró tí a gbọ́ láti yàrá ni ó gbé wa dé ibẹ̀. Wọ́n ti gun àpótí ìjókòó kí ọwọ́ wọn lè tó kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Àpótí yí, wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sì ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń di ọwọ́ náà, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wọn, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi: “Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ọwọ́ mi kò ti tó ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kọ ilé yín.”

Ọ̀rọ̀ gáàsì kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A máa ń pa á láti fi rán ara wa létí pé tọmọdé tàgbà ni yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́. Àwa ti gbé pẹpẹ kọjá ọwọ́ àgbà fúnra rẹ̀, a sì fi àgbà náà ṣe ẹlẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni a ti gbà pé kí a tó mú àwòrán, kí a tó mú pákó, ara ẹni tí ń se oúnjẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Ohun tí a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ lónìí nìyẹn, àwọn ìyókù sì ń tẹ̀ lé e.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ti ojú tábìlì iṣẹ́, ibi tí a ti ń rẹ́ àlùbọ́sà, tí a ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n tí ó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi í sí gíga sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90. Ó bá ẹlòmíràn mu, ó sì ń dá ẹ̀yìn ẹlòmíràn lóró. Kí ẹni tí yóò máa lò ó bọ́ bàtà, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó ká apá rẹ̀. Ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, kí ẹ sì yọ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kúrò nínú rẹ̀. Bí ìgúnpá bá wà ní 98, ojú tábìlì yóò wà láàárín 83 sí 88. Ibi tí a ó gbé ààrò gáàsì lé gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé gíga ìkòkò tún ń bọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tí ń ro ọ̀kà sì nílò kí èjìká rẹ̀ ga ju ẹnu ìkòkò lọ dáadáa kí ó tó lè fi agbára tẹ ọmọ orógùn.

Ìwọ̀n kejì ni ti kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Kí ẹni náà nawọ́ sókè láì dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá dé ni kí pẹpẹ ohun ojoojúmọ́ tí ó ga jù lọ mọ. Ohun tí ó bá wà lókè ibẹ̀, kí ó jẹ́ ohun tí a ń lò nígbà ọdún, kí ó sì fúyẹ́. Láti ojú tábìlì dé ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60 máa ń tó. Ti ìsàlẹ̀ lè jìn tó 60 láti iwájú dé ògiri, ṣùgbọ́n kí ti òkè má ju nǹkan bí 35 lọ, kí ẹni tí ó tẹrí mọ́ iṣẹ́ má baà fi iwájú orí gbá a. Ẹ sọ fún káfíńtà pẹ̀lú pé kí ó jẹ́ kí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ wọnú díẹ̀ nílẹ̀, kí ìka ẹsẹ̀ lè ráyè. Ẹni tí kò bá rí àyè ti ẹsẹ̀ bọ̀ yóò máa tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó.

Bí ẹni méjì tí gíga wọn kò dọ́gba bá ń lo ilé ìdáná kan ńkọ́? Ẹ fi ti ẹni kúkúrú ṣe ìwọ̀n òkè. Ẹni gíga lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹni kúkúrú kò lè ga sí i.

Lẹ́yìn ara, ó kan ẹrù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ kó gbogbo ohun èlò ilé ìdáná yín síta, kí ẹ tò wọ́n sórí ẹní: ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ, ìkòkò ojoojúmọ́, ọlọ, asẹ́, igbá, abọ́, àpò gàrí, kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ti ojoojúmọ́, ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ti ọdọọdún, kí ẹ sì fi okùn wọn ẹnu àti gíga èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ́ọ̀dù inú àwòrán, àwo pẹlẹbẹ àti ife ni ó mọ̀; kò tíì pàdé ìkòkò ọ̀kà wa rí. Ohun tí ó wúwo, ìsàlẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀, ó sì dára kí ó wà nínú àpótí tí a lè fà jáde, èyí tí a ń pè ní tiroir, ju kí ó wà lórí pẹpẹ jíjìn tí a ó máa kúnlẹ̀ wá a nínú òkùnkùn. Ti odó kò le: kò ní wọ kọ́bọ́ọ̀dù láéláé. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ tí ẹ kì í fi iyán ṣeré, ẹ fi ibi tí ilẹ̀ ti le sílẹ̀ fún un ní ẹ̀yìnkùlé.

Irú ìrònú yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àtòmọ́giri pàápàá. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ ilẹ̀ Austria, ya ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé tuntun tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 3.4, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1.9. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á sí ìyá ńlá àwọn ilé ìdáná òde òní. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣísẹ̀ ẹni tí ń dáná ni ó kọ́kọ́ ṣírò. Ó ṣe àpótí kéékèèké tí a kọ orúkọ sí lára fún àwọn oúnjẹ gbígbẹ, ó sì fi igi oak ṣe ti ìyẹ̀fun kí kòkòrò má baà sún mọ́ ọn. Àléébù kan wà lára iṣẹ́ náà tí àwọn ènìyàn rí lẹ́yìn ìgbà náà: ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìdáná náà gbà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ń ṣa ẹ̀fọ́, ọmọ ń lọ ata, àbúrò ń fọ abọ́. Bí ẹni méjì yóò bá máa kọjá lára ara wọn, kí àyè tí ó wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yín tó mítà 1.2.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ohun tí a ó fi ṣe é. Ojú ọjọ́ ibi tí à ń gbé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà wà nítòsí, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, òjò sì ń dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ti àkọ́kọ́ láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé ìkeje, èkejì láti oṣù kẹsàn-án dé ìkọkànlá. Bí a ṣe ń lọ sí òkè, sí ìhà Kétu àti Ṣábẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ń le sí i, tí ó ń fa omi inú igi gbẹ. Igi tí ó wú nígbà òjò ni ó ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ìbú rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é. Òró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Kọ́bọ́ọ̀dù tiwa, èyí tí ó dán gbinrin, aggloméré ni wọ́n fi ṣe é: ẹ̀rún igi tí a fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí a wá fi bébà dídán bò lójú. Ó pọ́n, ó dọ́gba, owó rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n bí omi bá rí etí rẹ̀ wọ̀, yóò wú bí àkàrà nínú epo, kò sì ní padà sí bí ó ti wà. Kí ọdún tó yípo, ìdí èyí tí ó wà lábẹ́ ibi ìfọbọ́ ti tú, ìdè irin ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì rí ibi dì mú mọ́. Bí owó kò bá jẹ́ kí a ra ju aggloméré lọ, kí a má fi í sí ìtòsí omi, kí a lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, títí kan etí ẹ̀yìn tí ojú kò rí, kí a sì gbé e kúrò nílẹ̀.

Contreplaqué sàn jù ú lọ. Ìwé igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a tò ní òró àti ní ìbú lórí ara wọn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó tètè lọ́. Kí ẹ béèrè èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bẹ̀rù omi, nítorí pé gbogbo wọn kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Ti igi gidi, ìrókò, igi apá àti ọ̀gànwó ni àwọn àgbà káfíńtà ń yìn. Ìrókò ń gbówó lórí, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Tíìkì, tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà, ni a ti gbìn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òróró tí ó wà nínú rẹ̀ ni ikán kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn igi, apá tí ó ṣókùnkùn, ni ó ní agbára yẹn. Funfun etí rẹ̀ kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni igi tíìkì tí a gé ní kékeré sì máa ń ní funfun púpọ̀. Arère, tí wọ́n ń pè ní samba, fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀; kí ó má ṣe gbé nílẹ̀ tàbí nítòsí omi.

Igi yòówù kí a mú, kí ó gbẹ. Ẹ bẹ káfíńtà kí ó gé kékeré fún yín lára pákó náà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ti fúyẹ́ gan-an sí i, omi ṣì wà nínú pákó náà, kò sì tíì tó àkókò láti fi ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ tún wo bí a ó ṣe ṣe ilẹ̀kùn náà. Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ yóò ṣe férémù, yóò gbẹ́ ojú tóóró sí i nínú, yóò sì ti pákó àárín bọ ibẹ̀ láì fi gọ́ọ̀mù mú un. Ìdí rẹ̀ ni pé pákó náà nílò àyè láti wú àti láti sún kì. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù dì í pa, ọyẹ́ kan ṣoṣo tó láti là á.

Ọ̀nà kan wà tí àwa fẹ́ràn fún ilé tí ó wà nítòsí ọ̀sà. Kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré mọ ipele ìsàlẹ̀, ohun tí a ń pè ní paillasse, kí ó fi táìsì bo ojú àti inú rẹ̀. Káfíńtà yóò wá fi igi ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Omi dà á, ó gbẹ. Ikán dé, kò rí nǹkan jẹ. Bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilẹ̀kùn nìkan ni a ó pààrọ̀. Ẹ kò rí i pé pẹpẹ alámọ̀ ti padà wọlé? Àwọn mìíràn ń fi alumíníọ̀mù ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Òun náà kì í wú, ikán kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń tẹ̀ sínú, ó sì yẹ kí a yẹ ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ wò dáadáa. Ní ibi tí a ó kó iṣu, àlùbọ́sà àti èlùbọ́ sí, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ní ojú afẹ́fẹ́ bíi ti fèrèsé onípersienne, kí a sì ta nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún aáyán. Gàrí tí a tì mọ́ inú ooru yóò bu.

Ohun méjì kù tí a kò lè fi sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú wọn. Èkíní ni gáàsì. Gáàsì bútéènì tí à ń lò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń lọ jókòó sí. Bí ìgò gáàsì bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, gáàsì tí ó jò yóò kún ibẹ̀ láì sí ẹni tí ó gbóòórùn rẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi ṣáná. Kí ìgò wà ní òde ògiri, níbi tí ọmọdé kò ti lè fọwọ́ kàn án. Bí kò bá ṣe é ṣe, kí a dá ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá àti sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù náà. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ń jò. Ìṣáná kọ́.

Èkejì ni ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kó omi Javel, sódà ọṣẹ, oògùn eku àti epo àtùpà sí. Ẹ yan kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ga, kí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ó má sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ epo tàbí Javel sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ọmọ kò lè kàwé ara ìgò, àwọ̀ ni ó ń wò. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀ tí ọmọ mu ún, ẹ má fi ipá mú un bì, nítorí pé ohun tí ó ti jó ọ̀fun nígbà tí ó ń wọlé yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń jáde, epo sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Ti káfíńtà ńkọ́? Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún wọn ni wọn yóò ṣe. Ẹ lọ wo iṣẹ́ tí ẹni náà ti ṣe fún ẹlòmíràn, kí ó jẹ́ èyí tí ó ti la òjò méjì kọjá. Ẹ ya gbogbo ìwọ̀n sórí ìwé, kí ẹ kọ irú igi síbẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pín owó rẹ̀ sí ìgbà mẹ́ta, kí èyí tí ó kẹ́yìn dúró títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí, tí yóò sì tì dáadáa lójú yín. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ mú ẹni tí yóò máa dáná wá síwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe nígbà kejì. Nígbà tí ọwọ́ ìyá wa san, a pe káfíńtà kan náà padà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó yọ tépù rẹ̀ jáde, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ yín sókè fún mi.” Wọ́n wò wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Èmi kẹ̀?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni, ìyá. Bí mo bá ti mọ̀ nígbà yẹn ni, ẹ̀yin ni ǹ bá kọ́kọ́ wọ̀n.” Wọ́n na ọwọ́ òsì, nítorí pé ti ọ̀tún kò lè gòkè dáadáa mọ́. Ibẹ̀ ni ó fàmì sí lára ògiri, ibẹ̀ náà ni pẹpẹ tí ó ga jù lọ nínú ilé ìdáná wa mọ títí di òní. Kò jọ ti inú àwòrán. Bí àlejò tí ó ga bá wọlé, yóò bi wá pé kí ló dé tí kọ́bọ́ọ̀dù yìí fi relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òkúta mẹ́ta náà ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ ni ó ń sùn láàárín wọn báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́lé, ilé yín kò ní wó mọ́ yín lórí o, oúnjẹ kò ní wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi àwòrán han káfíńtà, ẹ pe ìyá yín, ẹ pe ìyàwó yín, ẹ pe ọkọ yín bí òun ni ó ń dáná, kí ẹ ní kí wọ́n nawọ́ sókè. Ó dìgbà kan ná.